Ìgbín Sísìn ní Abẹ́òkúta: Erùpẹ̀, Ilé àti Ẹyin

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ní Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ta ìgbín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apẹ̀rẹ̀ wọn jáde sí etí ọ̀nà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń gbèrò láti sin ìgbín á sì dúró ra ogún tàbí ọgbọ̀n. Wọ́n á kó o délé nínú garawa, wọ́n á já ewé ìbẹ́pẹ sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà pé kí ni àwọn lè fi ṣe ilé fún un. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa dé, ìkarahun òfìfo ló máa ń kù nínú garawa náà. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ìgbín tí mo kọ́kọ́ rà ló sì kú kí n tó mọ̀ pé ibi ìparí ni mo ti mú iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìtọ́sọ́nà yìí dì mú ṣinṣin ni pé erùpẹ̀ ni ilé ìgbín. Búlọ́ọ̀kù, wáyà àti nẹ́ẹ̀tì ń dá ìgbín dúró síbi tí a fẹ́ ni, wọ́n sì ń lé ọ̀tá sẹ́yìn fún un. Ṣùgbọ́n inú erùpẹ̀ ló ń sùn, inú rẹ̀ ló ń yé sí, láti inú rẹ̀ ló ti ń fa omi sára, apá kan nínú ohun tó fi ń mọ ìkarahun rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti rí erùpẹ̀ tó dára, tó sì mọ bí a ṣe ń mú kí ó tutù láìjẹ́ pé omi dúró nínú rẹ̀, ti kúrò lára àwọn tí ìgbín ń kú mọ́ lọ́wọ́.

Irú ìgbín tó yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ìgbín lọ́dọ̀ wa. Èkíní ni ìgbín ńlá tí orí ìkarahun rẹ̀ rí roboto, tí kò ní ṣóńṣó, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata. Èkejì ni Achatina achatina, tí òun náà tóbi gan-an, ṣùgbọ́n tí orí ìkarahun rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí ìlà dúdú sì fà gbọọrọ lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Lissachatina fulica, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó kéré sí àwọn méjì yòókù, tí ìran rẹ̀ sì ti ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà wá.

Èkíní ni mo ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti mú. Òótọ́ ni pé ẹyin rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé mẹ́rin sí méjìdínlógún ló sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí èkejì lè yé 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin tó kéré níye yìí tóbi, ọmọ tó ń jáde nínú rẹ̀ lágbára, àwọn ará ọjà wa sì mọ̀ ọ́n, wọ́n ń béèrè rẹ̀. Ẹyin 200 tí ọmọ wọn kú tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní èrè kankan nínú.

Ibi tí a ó kọ́ ilé sí

Orúkọ ìlú yìí ti sọ apá kan nínú ìṣòro wa. Ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ló wà lórí òkúta tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oòrùn á sì máa pa òkúta náà láti àárọ̀. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, òkúta á máa tú ooru tó ti gbà sára jáde ní àkókò gan-an tí ìgbín yẹ kí ó máa jẹ̀. Ẹni tí òkúta wà ní àgbàlá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ilé ìgbín ti òkúta náà, kò sì gbọdọ̀ kọ́ ọ sórí ilẹ̀ yangí pupa tí kò ní iboji. Ẹ wá ẹ̀yìn ilé tí igi mángòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò. Tí kò bá sí irú igi bẹ́ẹ̀, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú kí ẹ tó ra ìgbín, nítorí pé wọ́n yára dàgbà, ewé àti èso wọn náà sì jẹ́ oúnjẹ fún un. Ẹ má ṣe lọ sí kòtò tí àgbàrá máa ń dúró sí.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Atẹ́gùn máa ń gbẹ omi ara ìgbín kíákíá, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń ti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn fẹ́ wá bá wa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ògiri ilé tàbí ọgbà tó nípọn wà ní ìhà yẹn. Ìgbín fẹ́ràn kí ibùgbé rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n ooru 23 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò Abẹ́òkúta ń bá wa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, àwa la ó ṣe é.

Erùpẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí. Erùpẹ̀ tó dára fún ìgbín ni erùpẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, tí kì í ṣe amọ̀, tí kì í sì í ṣe iyanrìn. Amọ̀ máa ń dì mọ́ra nígbà ẹ̀rùn débi pé ìgbín kò ní lè wọ inú rẹ̀ láti yé. Bí òjò bá sì rọ̀, á di ẹrẹ̀, ẹyin á sì rà. Iyanrìn kì í di omi mú, ó sì máa ń họ ẹran ara ìgbín. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nígbà tí ó tutù díẹ̀, kí ẹ sì fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Tí ó bá dì, tí ẹ sì fi ìka kan tì í tí ó tú ká, ó ti dára. Tí ó bá dì tí kò tú, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí kò bá tilẹ̀ dì rárá, iyanrìn ló pọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní àmì mìíràn tí kì í tàsé: ibi tí kókò àti ẹ̀fọ́ bá ti ń ṣe dáadáa láìlo ajílẹ̀, erùpẹ̀ ibẹ̀ á bá ìgbín mu.

Ibi tí a ti bu erùpẹ̀ ṣe pàtàkì bí irú erùpẹ̀ náà. Ẹ má ṣe bu erùpẹ̀ oko tí wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò tàbí oògùn tó ń pa koríko sí, kì báà jẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹ má ṣe bu ti ìdí ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ ìlú àdìrẹ la wà, ẹ má ṣe bu erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń da omi aró nù, nítorí pé sódà tí wọ́n fi ń pa aró le púpọ̀ fún ohun tí awọ ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ìgbín. Iyọ̀ pẹ̀lú ń fa omi ara ìgbín jáde títí yóò fi kú, nítorí náà, ibi tí omi fífọ ìkòkò ọbẹ̀ ń ṣàn sí kò dára.

Nígbà tí erùpẹ̀ bá délé, ẹ yọ òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oòrùn gangan fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì máa yí i padà, kí èèrà àti kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ lè sá tàbí kí wọ́n kú. Lẹ́yìn èyí, ẹ po ohun tó ní kálísíọ́mù, èròjà tí ìgbín fi ń mọ ìkarahun rẹ̀, mọ́ ọn. Àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní ìkarahun lílọ̀ àti egungun lílọ̀. Òkúta kálísíọ́mù tí a lọ̀ kúnná, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, náà dára. Mo ti rí ẹni tó da sìmẹ́ńtì sí erùpẹ̀ ìgbín nítorí pé wọ́n sọ fún un pé láti ara òkúta yẹn ni sìmẹ́ńtì ti ń wá. Sìmẹ́ńtì á jó ìgbín lára, ẹ má ṣe dán an wò. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ìkarahun lílọ̀ sí garawa erùpẹ̀ kan ni èmi ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lọ́pọ̀ lè lọ bá àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ní Alábàtà, FUNAAB, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, kí ó bi wọ́n léèrè bóyá erùpẹ̀ ìhà ibi tí òun ń gbé kan jù fún ìgbín.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa pààrọ̀ erùpẹ̀ náà. Omi tó ń yọ̀ lára ìgbín àti ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń kún inú rẹ̀, bó bá sì ti pọ̀ jù, ìgbín kò ní dàgbà mọ́, kò sì ní yé, kódà bí a bá ń fún un ní oúnjẹ ọba.

Kíkọ́ ilé

Ẹni tó ní ìgbín mẹ́wàá péré lè lo àpótí pákó tàbí táyà ọkọ̀ mẹ́ta tí a tò lérí ara wọn, tí a sì fi nẹ́ẹ̀tì dé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí mo fẹ́ràn fún ilé kan ni ọgbà búlọ́ọ̀kù tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wọlé díẹ̀, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù ní ìpele mẹ́ta, kí ẹ sì rẹ́ ojú ògiri inú kí ó dán, nítorí inú ihò ara búlọ́ọ̀kù ni èèrà ti ń fara pamọ́. Ẹ má ṣe da kọnkéré sí ìsàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà síbẹ̀ kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ, kí ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì wáyà tí ojú rẹ̀ kéré lé e kí eku má baà gbẹ́lẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da erùpẹ̀ tí ẹ ti tọ́jú lé e lórí títí yóò fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ewé gbígbẹ ni kí ó bo ojú erùpẹ̀ náà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló dára jù, nítorí pé ó ń di ọ̀rinrin mú, ìgbín sì máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀sán.

Ìdérí ilé náà ní ìpele méjì: férémù pákó tí a kan wáyà mọ́, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a tẹ́ lé wáyà náà. Wáyà ń dá eku, adìẹ àti ejò dúró. Nẹ́ẹ̀tì ń dá eṣinṣin dúró, nítorí irú eṣinṣin kan wà tí ó máa ń yé sára ìgbín, tí ìdin rẹ̀ á sì máa jẹ ìgbín náà láàyè. Ẹ má ṣe fi páànù dé e tààrà. Tí ẹ bá fẹ́ òrùlé, imọ̀ ọ̀pẹ ni kí ẹ lò.

Èèrà ni ọ̀tá tó ń pa ìgbín jù, ó sì lè pa ilé odindi láàárín òru kan. Ẹ gbẹ́ kòtò tóóró yí ọgbà náà ká, kí ẹ rẹ́ ẹ, kí ẹ da omi sí i, kí ẹ sì kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù díẹ̀ sójú omi náà. Tí ó bá jẹ́ àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ó wà nínú agolo omi. Èmi ṣe gbogbo èyí ní ọdún kejì mi, síbẹ̀ mo pàdánù ọmọ ìgbín tó lé ní àádọ́ta. Òjò alẹ́ kan ló tẹ ẹ̀ka gúáfà kan títí tí ewé rẹ̀ fi kan nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, èèrà pupa ti tò láti orí ẹ̀ka náà bọ́ sínú ilé, ìkarahun àwọn ọmọ náà sì ti fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yí ọgbà ká nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, tí mo ń wo òkè bí mo ṣe ń wo ilẹ̀, tí mo sì ń gé ohunkóhun tó bá ti súnmọ́ ilé náà ní ìwọ̀n apá kan.

Ríra ìgbín tí yóò yé

Kí òjò ti rọ̀ dáadáa, kí erùpẹ̀ sì ti wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó lọ ra ìgbín. Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ló dára jù. Bí ẹ bá lè rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ín, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìgbín ọjà lè ti wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìjẹ láìmu, omi ara rẹ̀ á sì ti gbẹ kí ẹ tó gbé e.

Ẹ gbé ìgbín náà lé ọwọ́: ó yẹ kí ó wúwo ju bí ojú ṣe rò ó lọ. Ẹ fi ìka kan ẹran ara rẹ̀. Kíá ló yẹ kí ó fà wọlé. Èyí tó bá ń rọ̀ jáde tí kò bìkítà, tàbí tí òórùn burúkú ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò yẹ ní rírà. Ẹ wo etí ìkarahun rẹ̀: tí ó bá ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè tètè kán, ó ṣì ń dàgbà, tí ó bá nípọn, ó ti tó bí. Ìgbín ńlá tí mo ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń tó yíyé nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tàbí kí ó lé díẹ̀, n kì í sì í mú èyí tí kò tó 150 gíráàmù. Ẹ fi àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú àpótí ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó wọ inú ilé, kí àìsàn tàbí kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ tó máa ń rìn lára ìgbín lè fara hàn níbẹ̀.

Ìgbín mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tó fún mítà kan níbùú àti lóròó; fún ilé tí mo júwe yìí, ogún ni mo máa ń fi sí i. Èyí ni ibi tí ojúkòkòrò ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìgbín tí ó há kì í jà, kì í pariwo, ṣe ni yóò kàn dáwọ́ yíyé dúró.

Oúnjẹ

Ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò, ewé ọ̀dùnkún, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ilá, igbá, kùkúńbà, ìbẹ́pẹ pípọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, èèpo mángòrò àti ti bàrà olómi: gbogbo ìwọ̀nyí ni ìgbín ń jẹ. Ẹ má ṣe fún un ní ewé bọ̀tujẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sábà máa ń yí ọgbà wa ká, nítorí pé oró wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní ewé tó ní irun wúruwùru, ẹ̀gẹ́ kíkorò, tàbí ohunkóhun tí iyọ̀ ti kàn. Búrẹ́dì àti àṣẹ́kù ọbẹ̀ wà nínú ohun tí iyọ̀ ti kàn. Ẹ fọ ewé tí ẹ rà lọ́jà dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò máa ń fín oògùn sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fún un ní oúnjẹ, nítorí òru ló ń jẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbín òun ń jẹun dáadáa, kí ó lọ dúró tì wọ́n ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ láìtan iná. Ẹ ó gbọ́ wọn: ahọ́n ìgbín rí bí ayùn wẹ́wẹ́, bó bá ń fi họ ìbẹ́pẹ, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fi èékánná họ páálí. Ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ní òru òjò ní ohun tó ń ṣe é. Láàárọ̀, ẹ kó àjẹkù kúrò kí ó tó rà kí eṣinṣin sì tó dé. Àwo omi tí kò jìn, tí ìgbín kékeré kò lè rì sí, gbọdọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo kékeré tí èèpo ẹyin adìẹ tí a sun tí a sì gún wà nínú rẹ̀. Ìgbín tí kò rí kálísíọ́mù jẹ á máa họ ìkarahun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ojú funfun á sì máa hàn lẹ́yìn wọn.

Gígun ara wọn àti yíyé

Akọ àti abo wà lára ìgbín kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ṣoṣo lè dá bí. Méjì gbọdọ̀ pàdé. Òru tó tutù ni wọ́n sábà máa ń gun ara wọn, wọ́n sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ má ṣe já wọn sílẹ̀, ẹ má sì gbé wọn wò. Nítorí pé ìgbín lè tọ́jú àtọ̀ tí ó gbà sínú ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí èyí tí ẹ rà lánàá bá yé láìjẹ́ pé ẹ rí i kí ó gùn.

Tí yíyé bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbín á máa rìn yí ilé ká, á máa tẹnu bọ erùpẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Mo ti jókòó ti ọ̀kan rí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí mo fi aṣọ pupa bò. Ó ti orí bọ erùpẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń rì díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ìdajì ìkarahun nìkan ló hàn lókè, bí ìgbà tí èèyàn ri ìgò mọ́lẹ̀ tí kò rì í tán. Ihò tí ẹyin ń gbà jáde wà ní ọ̀tún ọrùn rẹ̀, nítorí náà, orí ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ wọlẹ̀. Kò yára rárá. Mo lọ sùn, mo jí, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ó tó jáde, tó sì ti fi ara rẹ̀ tẹ́ erùpẹ̀ náà pa dà. Tí n kò bá ti wà níbẹ̀ lóru, n kì bá tí mọ ibi tí ẹyin wà. Àwọn baba wa ló sọ pé ìgbín kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi ń gun igi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń yé.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wá ẹyin, pẹ̀lú ọwọ́ ni, kì í ṣe pẹ̀lú ọkọ́. Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀, lójú kan náà, ó funfun díẹ̀ sí yẹ́lò, ó le bí ẹyin ẹyẹ, ó sì tó orí ìka kékeré. Ẹ fi ṣíbí kó o, kí ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fi ọwọ́ tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ kàn án. Nínú ike tí ẹ ti lu ihò sí nísàlẹ̀, ẹ da erùpẹ̀ tútù sí i kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ to ẹyin lé e láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, kí ẹ bu erùpẹ̀ bò ó ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ fi ewé bò ó lórí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kó o sára ike náà. Iboji ni kí ó wà. Ọ̀rinrin ni ó fẹ́, kì í ṣe omi: ẹ fi ìka kan erùpẹ̀ náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi ohun ìfọ́nmi fọ́n sí i nígbà tí ó bá fẹ́ gbẹ. Ẹyin tó bá ń rùn tàbí tó hu funfun bí òwú lára ni kí ẹ yọ kíákíá kí ó má baà ran àwọn yòókù.

Láàárín oṣù kan sí ogójì ọjọ́ ni wọ́n máa ń pa. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ ìrètí nù ní àkókò yìí, nítorí pé wọn kò rí nǹkan kan lójú erùpẹ̀. Ọmọ ìgbín tó bá ti pa kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló máa ń wà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí á máa jẹ èèpo ẹyin tó ti jáde. Èèpo yẹn ni kálísíọ́mù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá hú u jáde ní kánjúkánjú ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ìgbín

Ike tàbí àpótí kékeré tó ní nẹ́ẹ̀tì ni kí ọmọ ìgbín wà fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kì í ṣe àárín àwọn àgbà, nítorí pé àwọn àgbà á máa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ tí a sẹ́, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 7, ti tó fún wọn. Ewé tó rọ̀ nìkan ni kí ẹ máa fún wọn: létúùsì, ewé ìbẹ́pẹ tí kò tíì gbó, kùkúńbà tí a gé pẹlẹbẹ, pẹ̀lú èèpo ẹyin tí a gún kúnná tí a wọ́n sórí ewé náà. Tí wọ́n bá ń dàgbà, ẹ máa pín wọn sí ọ̀nà méjì, àwọn tó tóbi lọ́tọ̀, àwọn tó kéré lọ́tọ̀. Èyí tó kéré á yára lé bá wọn nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń gba oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìgbà ọyẹ́

Láti oṣù kọkànlá, ẹ máa fọ́n omi sínú ilé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ewé gbígbẹ tó bo erùpẹ̀ nípọn ní ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fi àpò ìdọ̀họ tí a rì sínú omi bo apá kan ìdérí lójú ọ̀sán. Tí ilé bá gbẹ, ìgbín á wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, á sì fi awọ funfun kan dí ẹnu rẹ̀. Kò tíì kú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ ló ń jẹ, kò sì ní yé ẹyọ kan. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ya awọ náà; ẹ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e sórí ewé tútù nírọ̀lẹ́, yóò sì ti inú já a fúnra rẹ̀. Ìgbín tí ẹ bá jẹ́ kí ó sùn láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta á lo oṣù méjì òjò láti fi gba ara rẹ̀ padà, àwọn tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n sùn á sì ti yé lẹ́ẹ̀kan ní àkókò náà.

Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan ìgbín, kí àwọn ọmọdé pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀. Aràn kan wà tí ó ń gbé inú eku, tí ó sì ń gba ara ìgbín wọ èèyàn lára. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí eku yà sí ilé ìgbín, tí a kò sì gbọdọ̀ jẹ ìgbín tí kò jinná dáadáa. Èyí tó bá kú, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí ilé.

Nígbà tí àwọn ọmọ tí ẹ pa bá pé ọdún kan, ẹ kò ní ta gbogbo wọn. Ẹ mú mẹ́wàá tó tóbi jù, tí ìkarahun wọn dán tí kò ní ojú funfun, kí ẹ fi wọ́n sọ́tọ̀ fún yíyé. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà nìkan ni ẹ ó kó sínú ilé kan. Ẹ lọ bá ẹlòmíràn tó ń sin ìgbín, kí ẹ fún un ní márùn-ún nínú tiyín, kí ẹ sì gba márùn-ún nínú tirẹ̀. Àwọn tí ẹ gbà náà á kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú àpótí ọ̀tọ̀, nínú erùpẹ̀ tuntun.